Àkànkẹ́, lọ sí sáìtì yẹn

Àkànkẹ́ mi,

Ohùn ẹ lórí fóònù lálẹ́ àná ò dùn mọ́ mi nínú rárá, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́. O ní láti ìgbà tó o ti di lọ́yà o ò tíì lanu sọ̀rọ̀ ní kọ́ọ̀tù, sáìtì ni ọ̀gá ẹ ń rán ẹ lọ nínú ẹrẹ̀, tí kò bá rán ẹ á ní kó o jókòó ti BOQ, ìwé tí wọ́n ń to ohun èlò àti iye owó iṣẹ́ ilé sí, kó o máa ka iye blọ́ọ̀kù àti rọ́ọ̀dù, àwọn ẹgbẹ́ ẹ sì ń wọ wíìgì káàkiri. Jọ̀ọ́ ọmọ mi, máa lọ.

O mọ̀ pé ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe kọngílá. Bàbá kan gbé ilé fún mi kọ́ n'Íbàdàn nígbà tó o wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, a bẹ̀rẹ̀ tán ló ní kí n fi yàrá méjì kún un, ó tún ní kí n yí òrùlé padà, ẹnu lásán ni gbogbo ẹ̀, èmi náà ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sà, ìgbà tó kan owó ló ní òun ò rán mi níṣẹ́ kankan. Lọ́yà tí mo gbà mọ òyìnbó gan-an, àmọ́ kò dé ilé yẹn rí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò dé bẹ̀. Ọdún mẹ́fà la fi ń lọ tí à ń bọ̀. Ọjọ́ tí adájọ́ bi í pé yàrá wo gan-an ni wọ́n fi kún un, ojú mi ló ń wò. Owó ìwé ẹ wà nínú owó tó wọlẹ̀ yẹn, ìdí tó o fi jókòó sílé lọ́dún kan nìyẹn, mi ò sọ ọ́ fún ẹ rí.

Torí náà tó o bá dé sáìtì, bi bírìkìlà léèrè, kì í ṣe ẹnjiníà nìkan. Béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí, ya fọ́tò, kọ déètì sí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí wọ́n fi nǹkan kún iṣẹ́, kó fi wọ́síàpù ránṣẹ́ ó kéré tán.

Ti ilẹ̀ náà ńkọ́? Ìwọ lo ka ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ti 1976 sí mi létí nígbà tí ò ń múra ìdánwò, pé ọ̀nà márùn-ún lèèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Mo ń gbọ́ ẹ, mo ń rò ó pé ìwé ilẹ̀ nìkan ló lè wà nínú fáìlì nínú márààrún, ìtàn bí ilẹ̀ ṣe jẹ́, ohun téèyàn ti ń ṣe lórí ẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ilẹ̀ tó pààlà pẹ̀lú ẹ̀, ẹnu àwọn àgbà àdúgbò àti orí ilẹ̀ gan-an lo ti máa bá wọn. Ẹni tó sì fẹ́ ra ilẹ̀, kó tó sanwó ni kó o ti sọ fún un pé ríìsíìtì ọmọ onílẹ̀ ò tó, òfin ilẹ̀ 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹni tó ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ látọwọ́ ìjọba, tó tà á fún ẹlòmíì.

Ọ̀kan tún kù. Lagos Multi-Door Courthouse, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn tó ń jà parí ọ̀rọ̀ láì fa ẹjọ́ gùn, ti wà láti 2002, òfin ìlàjà tuntun náà ti jáde ní 2023, tó o bá rí i pé ibẹ̀ ló máa dáa fún oníbàárà ẹ, sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí owó tìẹ bá tiẹ̀ máa dín kù. Ká ní ẹnì kan sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni, mi ò bá gba ìdajì kí n máa lọ.

Mo ti kó tépù mi tó gùn ní mítà 30 fún dírẹ́bà kan ní Ìwó Road, á pè ẹ́ tó bá dé Ọ̀jọ́ta. Ó ti pa díẹ̀ lára, àmọ́ nọ́ńbà ẹ̀ ṣì hàn.

Bàbá ẹ