Àpótí ìwé fún àdúgbò ní Ilé-Ifẹ̀

Sí Olóòtú,

Ní ọdún 2009, ní ìlú Hudson ní Amẹ́ríkà, Todd Bol kan àpótí ìwé kékeré kan síwájú ilé rẹ̀ ní ìrántí ìyá rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mú ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí kí ó fi òmíràn síbẹ̀. Ó wù mí gidigidi kí irú rẹ̀ wà ní àdúgbò Ìrẹ̀mọ àti Ìlódè ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Káfíńtà tó ní ìsọ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀ lè fi àjákù pákó ìrókò, tí ikán kì í tètè jẹ, kàn án, kí òrùlé páànù rẹ̀ sì yọ kọjá ilẹ̀kùn dáadáa, nítorí òjò ni ọ̀tá ìwé jù lọ. Mo rọ àwọn olórí àdúgbò láti yọ̀ǹda ààyè nítòsí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ilé-Ifẹ̀.