Àwọn tó ń yẹ fọ́tò wò náà tọ́ sí ìyìn

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tú àṣírí ọ̀rọ̀ Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, inú mi sì dùn sí i. Àmọ́ ibì kan wà tí mi ò lè gbójú fò. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ọkọ̀ ogun tí ọ̀tá ń kàn tí Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ti Bismarck, ọkọ̀ ogun ńlá Jámánì, wá ńkọ́?

Ní 1935, Jámánì tọwọ́ bọ̀wé pé agbára òun lójú omi kò ní ju ìdá 35 nínú 100 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Nígbà tó yá, ó ní 35,000 tọ́ọ̀nù ni Bismarck máa jẹ́. Irọ́ ni: ó lé ní 41,000. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀rí wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀n ọkọ̀ náà tí Jámánì fi ránṣẹ́ sí wọn fi hàn pé ọkọ̀ náà fẹ̀ gan-an, síbẹ̀ pé kò ní rì jìn sínú omi. Dípò kí wọ́n bi ara wọn bóyá òótọ́ ni, wọ́n ní Òkun Baltic tí kò jìn ni Jámánì ń wò. Ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ ni wọ́n kà sínú ìwé! Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn, ọ̀rọ̀ yìí ò sì yé dùn mí.

Japan ní tiẹ̀ fi nǹkan bo ibi tó ti ń kan Yamato, ọkọ̀ ogun ńlá tirẹ̀, ní ìlú Kure. Ẹnu ìbọn ńlá rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 46, àmọ́ 40 ni wọ́n ń pè é, kódà nínú ìwé tiwọn.

Ní 1944 ni iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wá dán mọ́rán. Jámánì ń rọ ọkọ̀ abẹ́ omi tuntun, Type XXI, ní ẹyọ-ẹyọ káàkiri, ó sì ń tò ó pọ̀ ní Hamburg, Bremen àti Danzig. Ọ̀gágun Oshima, aṣojú Japan ní Berlin, ń ròyìn ránṣẹ́ sí Tokyo, àwọn Amẹ́ríkà sì ń tú àṣírí ìròyìn rẹ̀ kà. Ṣùgbọ́n àwọn ará Medmenham, ibùdó ológun kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, náà wà níbẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, tí wọ́n ń yẹ fọ́tò tí wọ́n yà látinú ọkọ̀ òfuurufú wò, tí wọ́n ń wo ohun tí Jámánì ń kàn gan-an, kì í ṣe ohun tó sọ pé òun ń kàn.

Ẹ ò dárúkọ wọn rárá. Bí ẹ bá máa gbé apá kejì àpilẹ̀kọ náà jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wọn láyè níbẹ̀.

Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì