Ṣé ẹni tó gbébọn rí nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ ogun?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé gègé. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbà lálejò lórí rédíò, wọ́n ń jiyàn bóyá ó yẹ ká tún kó ọmọ ogun wa lọ jà nílẹ̀ onílẹ̀. Ìyá kan pè wọlé. Ó ní ọmọ òun wà nínú iṣẹ́ náà, òun fẹ́ mọ ìgbà tí wọn yóò padà. Ọ̀gá já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀: “Màdáámù, ṣé ẹ gbébọn rí?” Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gé fóònù, wọ́n fi orin sí i.

Ta ló ní ẹni tó gbébọn rí nìkan ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ ogun? Ilé Aṣòfin Àgbà ni Abala 5 ìwé òfin 1999 ní kó fọwọ́ sí irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2023, táwọn ọ̀gágun ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ń wéwèé bí wọn yóò ṣe wọ Niger torí ológun tó gbàjọba níbẹ̀, àwọn sẹ́nétọ̀ ló ní kí wọ́n lọ fẹnu yanjú u. A dúpẹ́. Ní ti orílẹ̀-èdè Benin, níbi táwọn ológun kan ti dìtẹ̀ gbàjọba tí kò bọ́ sí i, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2025 ni bàálù ogun wa ti wọbẹ̀, ọjọ́ 9 ni Ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo mọ̀ pé òfin fún Ààrẹ láyè ọjọ́ méje láti fi béèrè ìfọwọ́sí nígbà pàjáwìrì, n kò sì bá adìtẹ̀ gbè. Ṣùgbọ́n àwa tá a lẹ́bí ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní Benin níbẹ̀ kò rí ẹni bi wá léèrè ohunkóhun. Aṣọ káńkí ológun làwọn aláṣẹ wa ń sá sẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ológun wo gan-an sì ni ká gbọ́ tirẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi kan bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, lọ Làìbéríà ní 1990. Ìjọba ológun ló rán wọn, kò sí aṣòfin tó jíròrò rẹ̀. Ní alaalẹ́ ló ń fi òrí pa orúnkún òsì tí kò ṣeé ká mọ́. Bí ẹ bá bi í pé kí ni wọ́n bá lọ, á ní, “Wọ́n ní ká wọ ọkọ̀ ojú omi, a wọ̀ ọ́.” Òun náà gbébọn o! Rédíò wo ló pè é? Kọ́púrà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ńkọ́? Tó bá fẹnu sí i lórí Facebook, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí Ilé tó fọwọ́ sí ogun, kí wọ́n ṣe ìjókòó ìtagbangba, kì í ṣe l’Ábújá nìkan, kí wọ́n dé Ìdìrókò níbí, kí wọ́n dé Ṣakí. Kí ọ̀gágun kọ́kọ́ sọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀: ọmọ ogun mélòó, oṣù mélòó, ibo ni wọn yóò gbé àwọn tó bá fara gbọgbẹ́ lọ, kí ni ṣíṣe tó bá fì síbì kan. Lẹ́yìn náà, kó sọ̀ kalẹ̀ kó jókòó. Ká lọ, ká má lọ, ìyẹn kì í ṣe tirẹ̀, tàwọn tó lọmọ tó lówó níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá sì bèèrè lọ́wọ́ ará ìlú bóyá ó gbébọn rí, kí wọ́n mú un jáde.

Kí sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan dìbò lórúkọ ara rẹ̀. Kí wọ́n sanwó ìfẹ̀yìntì àwọn tó ti jà tẹ́lẹ̀.

Kí rédíò yẹn sì pe ìyá náà padà. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Èmi òǹkàwé yín,
Ìdìrókò, Ìpínlẹ̀ Ògùn.