Ẹyẹ ò jìnnà sílé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní ẹni tó bá fẹ́ràn ẹyẹ gbọ́dọ̀ ní mọ́tò, torí ọ̀nà jíjìn ni ojúlówó ẹyẹ wà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí èmi náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún 6 gbáko ni mo fi ń gun alùpùpù lọ sétí adágún odò kan ní Sátidé. Kí n tó débẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì á ti lé àwọn ẹyẹ odò. Ẹ̀yìn wọn ni mo sábà ń rí.

Nígbà tí alùpùpù náà dẹnu kọlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí fẹsẹ̀ rìn. N kì í kọjá ibi tí mo lè rìn dé láàárín ìdajì wákàtí. Láàárín oṣù 14, oríṣi ẹyẹ 41 ni mo ti kọ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iye kọ́ ló jẹ mí lógún. Igi kan wà nítòsí ilé mi tí àwọn ẹ̀gà tẹ̀dó sí. Akọ á fi ẹnu fa ewé ya tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, á so ó mọ́ ẹ̀ka, á máa hun ún lọ títí yóò fi di ìtẹ́ tí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Bó bá parí, á rọ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, á máa gbọn ìyẹ́, á máa pe abo. Abo á wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ewé bá ti gbẹ, kò ní gbà. Mo rí akọ kan tó tú ìtẹ́ ara rẹ̀ palẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lórí ẹ̀ka kan náà ní ọjọ́ Ajé. Ẹni tó sáré wa mọ́tò wá, tó sì sáré padà, báwo ló ṣe fẹ́ rí ìyẹn?

Epo tí a ń jó sì ń mú ayé gbóná. Ẹyẹ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pied flycatcher máa ń sá fún òtútù wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kó tó padà lọ yé ẹyin ní Yúróòpù. Àwọn onímọ̀ rí i ní Netherlands pé ooru ti ń tètè dé, kòkòrò ajewé tí ẹyẹ yìí fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀ sì ń tètè tán. Níbi tó ti burú jù, ẹyẹ náà dínkù gidigidi.

Ní ọdún 2014, Dorian Anderson, ará Amẹ́ríkà, fi odidi ọdún gun kẹ̀kẹ́ wo ẹyẹ káàkiri orílẹ̀-èdè rẹ̀. Oríṣi tó rí lé ní 600. Kò dìgbà tí a bá ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ wa tó wa.

Olóòtú, nínú ẹyẹ 41 yẹn, 9 wà tí n kò mọ orúkọ tí Yorùbá ń pè wọ́n, ó sì ń dùn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ká máa kọ ẹyẹ tí a fẹsẹ̀ rìn lọ rí síbẹ̀, kí àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n dá wa lóhùn. Tèmi àkọ́kọ́ rèé: ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú tó fara pẹ́ amọ̀, ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ilẹ̀ ló ti máa ń fi ẹsẹ̀ tú ewé gbígbẹ kiri. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń kọrin, ó sì máa ń tún ohùn kan náà pè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni wọ́n ń pè é?

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì