Àlàbí, fi sìgá sílẹ̀

Ìjẹ̀bú-Òde

Àlàbí ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ẹ kú ìfaradà òtútù Kánádà.

Ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé rẹ kò kúrò lọ́kàn mi. Dókítà ní kí o jáwọ́ nínú sìgá, ìwọ ní kí ló tún kù fún ẹni ọdún 70, pé Bàbá mu tábà títí, síbẹ̀ wọ́n lé ní 90 kí wọ́n tó papò dà. Ṣé o ti gbàgbé pé ẹsẹ̀ ni Bàbá fi ń lọ oko, tí wọ́n á tún ru ewùrà bọ̀ nírọ̀lẹ́? Ìwọ ń wakọ̀ lọ ra búrẹ́dì. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì wò ní Denmark, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni àjogúnbá ń kó nínú gígùn ẹ̀mí.

Ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ka ìwádìí mìíràn fún mi, tó jáde ní 2008. Àwọn dókítà ọkùnrin tó lé ní 2,300 ní Amẹ́ríkà ni wọ́n tọ́pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ti tó nǹkan bí ẹni ọdún 72 nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa gan-an, Àlàbí! Ẹni 70 tí kì í mu sìgá, tí kò sanra jù, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tó sì ń ṣe eré ìdárayá, nínú 100 irú wọn, 54 ni wọ́n ṣírò pé yóò rí 90. Bó bá jẹ́ sìgá nìkan ló bà á jẹ́, 22. Ẹni tó kó márààrún pọ̀, 4.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni tèmi, 36 ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kì í fi oògùn mi ṣeré. Bí mo bá ti kírun àsùbáá tán, mo ń rìn láti Ìtòrò dé Òkè-Àjẹ́ kí ọkọ̀ tó pọ̀. Ìyàwó mi ti dín iyọ̀ ìkọ́kọrẹ́ kù. Ó kọ́kọ́ tẹ́ lẹ́nu mi, ó ti mọ́ mi lára báyìí. Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá nínú ìwádìí yẹn, ara wọn tún le ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ lọ́jọ́ ogbó. Èyí ló wù mí jù, torí n kò fẹ́ pẹ́ láyé kí wọ́n máa gbé mi wọ balùwẹ̀.

Jọ̀ọ́, padà lọ bá dókítà náà, kí o béèrè oògùn tí í ran èèyàn lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀. Bó bá ń wù ọ́ mu, pè mí, ì báà jẹ́ òru níbí.

Mo ti san owó aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tìrẹ fún Ojúde Ọba tó ń bọ̀. Tètè fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́, télọ̀ ń dúró.

Èmi ni,
Àdìsá