Pupa kì í ṣe orúkọ ọ́ìlì

Olóòtú,

Sátidé tó kọjá, pẹ̀lú ọjọ́ orí mi yìí, mo wọ abẹ́ jíìpù mi, mo tú nọ́ọ̀tì òkè lára tiránsífà, àpótí gíá kejì tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn, mo ti ìka bọ ihò ibẹ̀. Ìka mi jáde bí ẹni tó tọwọ́ bọ epo pupa. Toyota 4Runner ọdún 1998 ni o! Ọ́ìlì gíá 75W-90 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe ki tó) ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ kọ sínú ìwé rẹ̀ fún tiránsífà, kò ju bíi lítà kan lọ. Mẹkáníìkì tó bá mi ṣe sáfíìsì lóṣù tó kọjá ló rọ ATF, ọ́ìlì pupa ti gíá ọtọmátíìkì, sí i. Mo pè é, ó ní, "Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀. Pupa ló wà nínú gíá, pupa náà ni mo fi síbẹ̀. Gíá kan náà ni gbogbo ẹ̀."

Abájọ! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan ti ń han lábẹ́ mi tí mo bá ń bọ̀ láti oko ní Ìgbóọrà tí mo sì fi sí fọ́ wíìlì. Mo rò pé táyà ni.

Pupa kì í ṣe orúkọ ọ́ìlì. Aró ni wọ́n pò mọ́ ATF, kí èèyàn lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bó bá ń jò. Irú ATF pọ̀: Dexron pupa, Mercon pupa, T-IV ti Toyota pupa, SP-III ti Mitsubishi náà pupa, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹ tún wò ó o: tiránsífà Jeep Cherokee àtijọ́ tí aládùúgbò mi ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní NP231, ATF gan-an ló ń mu. Ẹnì kan ti rọ ọ́ìlì gíá tó ki sínú ìyẹn rí, nítorí wọ́n ní "ti Toyota báyìí ni." Àwọn Land Rover Discovery àkọ́kọ́ tó ní gíá ọlọ́wọ́ LT77 ńkọ́? ATF ni gíá ń mu, ọ́ìlì gíá ni tiránsífà ẹ̀yìn rẹ̀ ń mu. Ta ló lè fojú lásán mọ ìyẹn? Ìwé ọkọ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọkùnrin yìí kan náà ló yẹ gíá ọtọmátíìkì mi wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú, tó ní ó kún dáadáa. Á kún! Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì á ṣàn padà sínú páànù ìsàlẹ̀. Fún irú gíá tèmi, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ tó tẹ́jú, kó gbóná, kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ẹ ó tẹ bíréèkì, ẹ ó wọ́ gíá láti P dé L, ẹ ó dá a padà sí P, kẹ́ ẹ tó fa gééjì yọ. Tiránsífà ò tiẹ̀ ní gééjì. Ìka ni gééjì rẹ̀: ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé etí ihò òkè.

Mo gba ọjà lọ. Ike ATF mẹ́rin tí mo kà ní ṣọ́ọ̀bù kan, Dexron III ni gbogbo wọn ń jẹ́. General Motors tó ni orúkọ yẹn ti dáwọ́ àṣẹ Dexron III dúró láti ìparí 2006, torí náà kò sẹ́ni tó ń bá wọn yẹ ohun tó wà nínú ike wò mọ́. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n láti inú dúrọ́ọ̀mù ńkọ́? Kò tiẹ̀ lórúkọ. Pupa ni wọ́n ń pè é.

Níbo ni àwọn tí ìjọba ń sanwó fún kí wọ́n máa yẹ ọjà wò wà? Níbo ni àwọn tó ń fún wa ní ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú títì wà? Ọdọọdún ni mò ń sanwó ọ̀hún. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ mi rí. Wọ́n á gbowó, wọ́n á lu òǹtẹ̀, ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ di dandan nìyí. Kí ọkọ̀ tó gba ìwé yẹn, kí wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ọ́ìlì sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Mo ti ṣe tèmi. Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí ara tiránsífà, mo nù ún gbẹ, mo kọ "75W-90" sí i. Mo kọ "ATF" sí ìdí gééjì. Mo wá kọ káàdì kan, mo fi ọ̀rá bò ó, mo so ó mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: orúkọ ọ́ìlì, iye lítà, ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀, iye kìlómítà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé nọ́ọ̀tì òkè ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, torí bí wọ́n bá ti da ọ́ìlì nù tí ti òkè bá kọ̀ tí kò tú, ọkọ̀ á wà níbẹ̀ ní gbígbẹ. Owó tí mo ná sí gbogbo rẹ̀ kò tó owó oúnjẹ ọ̀sán.

Kí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì náà dán ọmọṣẹ́ wò lórí èyí kó tó gba fírídọ̀ọ̀mù. Kí wọ́n sì fòpin sí ọ́ìlì inú dúrọ́ọ̀mù.

Mẹkáníìkì mi ti gbà pé òun á fọ̀ ọ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Màá jókòó tì í, ọ́ìlì mi á wà lórí ẹsẹ̀ mi.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Mọ́níyà, Ìbàdàn.