Ilé tí opó bá ọkọ rẹ̀ kọ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ní oṣù tó kọjá, lẹ́yìn ìsìnkú àbúrò mi ọkùnrin, a ṣe ìpàdé ní ilé ẹbí wa ní Aké, níbi tí olórí ẹbí ti sọ fún ìyàwó olóògbé pé opó kì í jogún ọkọ, àti pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nínú ilé tí wọ́n kọ́ sí Ọbáńtokò kí oṣù tó parí. Ìyàwó wa kò sunkún. Ọ̀rá dúdú kan ló fà yọ, ó sì tú rìsíìtì búlọ́ọ̀kù, ti páànù àti ti sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ lórí ẹní. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lórí gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ owó àdìrẹ tí ó ń tà ní Ìtòkú ni wọ́n fi san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, gbogbo wa la sì mọ̀.

N kò ní parọ́ pé ohun tí olórí ẹbí sọ kò sí nínú àṣà wa. Ọmọ ló ń jogún bàbá rẹ̀, ìbáà ṣe ìdí-igi (pípín in ní iye ìyàwó tó bímọ) ni a fi pín in tàbí orí-ò-jorí (pípín in ní iye ọmọ), ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí i ní 1997 nínú ẹjọ́ Akinnubi, níbi tí wọ́n ti sọ pé opó kì í jogún ọkọ lábẹ́ àṣà Yorùbá. Ṣùgbọ́n àṣà yìí kan náà kò ní kí á lé opó jáde nílé ọkọ níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ibẹ̀ sì ni àwọn àgbà máa ń tètè gbàgbé.

Èyí tó wá burú jù ni pé kò sí ẹni tó béèrè irú ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe. Kóòtù ni wọ́n ti ṣe é. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ọ̀rá yẹn. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, tí ó sì kú láìṣe ìwé ìhágún, òfin ìjọba ni a fi ń pín dúkìá rẹ̀, opó sì ní ìpín tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ká tilẹ̀ ní yìgì ni wọ́n so, Àlùkùráánì fún opó ní ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọmọ bá wà. Ní 2014, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ bẹnu àtẹ́ lu àṣà tí wọ́n fi fẹ́ lé opó kan jáde nílé ọkọ ní Awka nítorí pé kò bí ọmọkùnrin.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kan ṣàlàyé nínú ìwé ìròyìn yín bí opó ṣe ń gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní kóòtù gíga. Ní tèmi, mo ti sọ fún olórí ẹbí pé n kò ní buwọ́ lu ìwé kankan tí wọ́n bá fẹ́ fi ta ilé náà.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé,
Abẹ́òkúta.